Bàbá máa ń dákú bí wọ́n bá dìde: ṣé kí a ra midodrine?

Abéèrè, Ìpẹru
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá wa, ẹni ọdún 72, ti dákú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí: ìgbà kan tí wọ́n dìde lóru láti lọ tọ̀, ìgbà kejì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó lọ́sàn-án. Ojú wọn á kọ́kọ́ ṣú, ẹ̀yìn ọrùn á máa ro wọ́n, wọ́n á sì ṣubú. Kì í pé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n á fi jí. Oògùn wọn: amlodipine 10 mg àti Moduretic ẹyọ kan láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tamsulosin 0.4 mg nítorí prostate. Wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹnìkan ní ká ra midodrine, oògùn tó ń gbé ìfúnpá (BP) sókè, ẹlòmíràn ní kí wọ́n máa fi iyọ̀ mu omi. Èwo ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì, Òde Rẹ́mọ
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wọn ìfúnpá wọn ná, kì í ṣe lórí ìjókòó o. Kí Bàbá dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n wá dìde dúró, kí ẹnìkan dúró tì wọ́n, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Ẹ gbé apá wọn sí déédéé àyà. Apá tó bá rọ̀ sílẹ̀ máa ń mú nọ́ńbà ga ju bó ti yẹ lọ, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan kan. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ìdìde yẹn ló ń fà á. Ẹ kọ iye ìlù ọkàn náà sílẹ̀.

Abéèrè, Ìpẹru
Ẹ ṣé gan-an. Ní ìdùbúlẹ̀: 148/84, ìlù ọkàn 72. Ìṣẹ́jú 1: 116/70, 94. Ìṣẹ́jú 3: 118/72, 92.

Apòògùn, Ìjẹ̀bú-Òde
Ìfúnpá fi 30 wálẹ̀, ìlù ọkàn fi 20 gòkè. Ó dára pé ọkàn ń sáré láti dí àlàfo náà. Ká ní ìfúnpá já báyìí tí ìlù ọkàn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, bóyá tí kò tó ìdajì iye tí ìfúnpá fi wálẹ̀, àwọn iṣan (nerve) tó ń darí ọkàn la ó fura sí. Ti Bàbá yìí jọ ti omi ara tó dín kù, pẹ̀lú oògùn.

Moduretic ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí ó ń mú omi ara jáde nípa ìtọ̀. Hydrochlorothiazide 50 mg ló wà nínú ẹyọ kan, pẹ̀lú amiloride 5 mg. 50 yẹn pọ̀ fún àgbàlagbà, 12.5 sí 25 ni a sábà máa ń fún wọn. Tamsulosin ní tirẹ̀ ń dẹ ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń dẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá ń lò ó lójú ebi, ó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́ ló yẹ kí wọ́n máa lò ó.

Ẹ rọra béèrè bí wọ́n bá ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń mú wọn ṣu gbuuru, tàbí oògùn agbára ọkùnrin. Àwọn bàbá kì í sọ ti ìkejì yìí níwájú ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn béèrè.

Midodrine kì í ṣe ti wọn. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, 2.5 mg dé 10 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ojúmọmọ, tí ti ìkẹyìn gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 ó kéré tán ṣáájú ìdùbúlẹ̀, nítorí ó lè gbé ìfúnpá sókè gan-an bí èèyàn bá nà gbalaja. Ó tún lè sé ìtọ̀, ẹni tó ní prostate ni yóò sì jìyà rẹ̀ jù. Fludrocortisone 0.1 mg láàárọ̀ ni oògùn kejì tí wọ́n máa ń lò fún irú èyí: ó ń dá iyọ̀ àti omi dúró, ó ń fa pòtásíọ̀mù wálẹ̀, ó ń mú ẹsẹ̀ wú, kò sì yẹ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Kí ẹnìkan máa pọn omi sínú ìkòkò, kí ẹnìkejì máa gbọ́n ọn dànù: bẹ́ẹ̀ ni lílo òun àti Moduretic pọ̀ ṣe rí.

Dókítà, Ṣàgámù
Mo fara mọ́ apòògùn. Iyọ̀ náà rèé, ẹ fi sílẹ̀: ìfúnpá wọn ti ga tó 148 ní ìdùbúlẹ̀. Omi lásán ni kí wọ́n mu. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan (50 cl) láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó kúrò lórí ibùsùn láàárọ̀ máa ń gbé ìfúnpá sókè fún bíi wákàtí kan. Bí dókítà kan bá ti sọ pé kí wọ́n dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, ẹ má ṣe é.

Lóru, kí wọ́n jókòó létí ibùsùn fún ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n máa mi ẹsẹ̀, kí wọ́n sì jókòó tọ̀ sínú ike. Bí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ kí ọba, kí wọ́n kúnlẹ̀ ná kí wọ́n tó dìde. Ìkọ́kọrẹ́, kí wọ́n pín in sí méjì. Lẹ́yìn oúnjẹ tó pọ̀, ẹ̀jẹ̀ máa ń sáré lọ sí ìfun. Bí ojú bá ti ń ṣú, kí wọ́n jókòó tàbí kí wọ́n lóṣòó lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí àyè, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì, kí wọ́n fún itan àti ìdí pọ̀. Bí wọ́n bá ṣubú, ẹ tẹ́ wọn gbalaja, ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn sókè. Ẹ má gbé wọn nàró, ẹ má sì da omi sí wọn lẹ́nu.

Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, àyà dídùn, dídákú lórí ìjókòó, ọkàn tó ń lù ségesège, apá kan ara tó rọ: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, má dúró.

Abéèrè, Ìpẹru
Ẹ kú làálàá. Ṣé kí wọ́n lo Moduretic ọ̀la?

Dókítà, Ṣàgámù
Ẹ pe dókítà tó kọ ọ́ lálẹ́ yìí, òun ni yóò sọ bóyá kí wọ́n fo ti ọ̀la. Ẹ má dá gbogbo oògùn dúró fúnra yín. Lọ́la kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, àgbo pẹ̀lú, kí ẹ mú nọ́ńbà tí ẹ kọ dání, kí wọ́n yẹ PCV (bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe tó), sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti kíndìnrín wò, kí wọ́n sì ṣe ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù).