Ẹ̀dọ̀ tuntun ẹ̀gbọ́n mi: báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Kábà ni mo wà. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Delhi. Hepatitis B ló ba tiwọn jẹ́. Ọmọ wọn, ẹni ọdún 24, ló fún wọn ní apá kan lára tirẹ̀. Ìyàwó wa wà lọ́dọ̀ wọn. Fóònù ni àwa ń ṣọ́ nílé.

Kí wọ́n tó lọ, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe níhìn-ín sọ pé bilirubin wọn, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú pọ́n, jẹ́ 310. Òní tó pé ọjọ́ kẹta, ìyàwó wa ya èsì tuntun ránṣẹ́: bilirubin 8.4, INR (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) 1.9, AST 720. AST yẹn jẹ́ 1,480 lọ́jọ́ kìíní. Bí Màmá ṣe gbọ́ pé 310 ti di 8 báyìí, orin ló kù. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa ní dókítà ò túra ká, ó kàn ní àwọn ṣì ń wò ó títí di ọjọ́ keje. Kí ló wà lọ́jọ́ keje? Ṣé wọn ò lè ti sọ ọ́ báyìí ni? Bàbá kan ládùúgbò ti ń múra àtifi àgbo ránṣẹ́. Ẹ dákun, orí mi ti gbóná.

Ìyá Ìbejì, Mọ́pà: Ẹ kú ìnira o. Ọlọ́run á gbé wọn dìde.

Ọmọ Láàbù, Ìsánlú: Ẹ bá mi dá orin Màmá dúró díẹ̀. Òṣùwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ 310 yẹn lórí bébà, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ µmol/L. mg/dL ni wọ́n ń lò ní Íńdíà. Ẹ sọ 8.4 di ìlọ́po 17.1, ó ń lọ sí 144. Láti 310 sí 144 ni wọ́n bọ́. Ayọ̀ ni, àmọ́ kò tíì tó èyí tí à ń tìtorí rẹ̀ pa ewúrẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ha! µmol/L ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ta ló fẹ́ sọ fún Màmá báyìí?

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ tó wà ní Ìlọrin: Ọjọ́ keje ní ìtàn. Lọ́dún 2010, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé èsì àyẹ̀wò 300 èèyàn tó gba ẹ̀dọ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì fi ìlà sí i: bilirubin tó bá ṣì jẹ́ 10 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ keje, INR tó bá jẹ́ 1.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ keje, tàbí AST tàbí ALT (èkejì rẹ̀ tó jọ ọ́) tó bá kọjá 2,000 nígbàkígbà láàárín ọjọ́ méje náà. Ẹni tó bá kan ọ̀kan nínú wọn, a jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò tíì gbéra dáadáa. Nǹkan bíi 23 nínú 100 ló rí bẹ́ẹ̀. Ewu wọn pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àmọ́ o, ẹ̀dọ̀ òkú ni àwọn yẹn gbà. Apá kan ẹ̀dọ̀ alààyè ni ti ẹ̀gbọ́n yín, ó ṣì ń dàgbà nínú wọn, nítorí náà bilirubin lè lọ́ra láti wálẹ̀.

AST ni ohun tó ń jò jáde lára ẹ̀dọ̀ tó ti fara gbọgbẹ́. Tiwọn ń wálẹ̀, ó dáa. INR ni kí ẹ máa ṣọ́, torí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń fa plasma, omi inú ẹ̀jẹ̀ tí èròjà yẹn wà nínú rẹ̀, sí wọn lára: ìyẹn lè mú INR wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ṣiṣẹ́ náà.

Ìyàwó ẹni tó ti ṣe é, Ìyàrà: Ti ọkọ tèmi, bilirubin ń gòkè ni títí di ọjọ́ karùn-ún kó tó yí padà. N ò sùn. Nígbà tó yá, mo yé béèrè nọ́ńbà nìkan. Ṣé wọ́n lajú dáadáa? Ṣé wọ́n dá ọmọ wọn mọ̀? Ṣé wọ́n ń tọ̀? Ṣé lactate, ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ máa ń mú kúrò, ń wálẹ̀? Kí ni skáàn iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀ wí? Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú iṣan yẹn, kò sẹ́ni tó ń dúró de ọjọ́ keje, tíátà ni wọ́n ń gbé wọn padà sí. Ẹ rántí pé wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni Íńdíà fi ṣíwájú wa. Tí ẹ bá pe ìyàwó yín ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago méjì ààbọ̀ òru ti lù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn.

Bàbá Eléwé: Èmi mọ ewé tó ń wo ojú pípọ́n. Òyìnbó ò mọ gbogbo nǹkan.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Bàbá, ẹ má bínú. Tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ tuntun, ni wọ́n ń lò, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Tó bá kéré, ara á kọ ẹ̀dọ̀ náà. Tó bá pọ̀ jù, kíndìnrín ló máa jìyà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àgbo yín máa gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kó má kúrò ní Kábà.

Ọmọ Ògìdì: Bàbá nìkan lẹ ń béèrè. Ọmọ tí wọ́n gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Ọ̀rọ̀ yìí gún mi láyà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ni. Ó ní ojú abẹ ń dun òun, wọ́n ti mú òun rìn lónìí. Ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nílé tó béèrè òun.

Ẹni tó béèrè, ọjọ́ Àìkú: Ọjọ́ kẹfà rèé. Bilirubin 7.1, INR 1.5. Wọn ò fa plasma kankan sí wọn lára láti ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá ìyàwó wa jà, wọ́n ní ọbẹ̀ ilé ìwòsàn ò níyọ̀. Màmá ti di ọ̀gá láàbù báyìí, bí a bá ti ka nọ́ńbà fún wọn, wọ́n á ní, "Èwo ni, ti ibí ni àbí ti ibẹ̀?"