Ọkọ mi ọmọ Kúbà àti àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Ará Kúbà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Houston ni mo wà. Ọmọ Kúbà lọkọ mi, Sípáníìṣì ló fi dàgbà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti dáa báyìí, kò sí fọ́ọ̀mù tí kò lè dá kọ. Àmọ́ tí àkànlò èdè bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ dàrú nìyẹn. Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn ní "heads up", ìyẹn ni pé kí wọ́n múra sílẹ̀, pé ọkọ̀ ẹrù máa tètè dé lọ́la. Ọkọ mi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn nígbà tó délé. Ó wá ra ìwé tó to àkànlò èdè láti A dé Z, ó ń há a sórí lálaalẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí ìkankan. Kí la máa ṣe?

Tíṣà Àgbà:
Ìyàwó wa, gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè tirẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tó wọ́n máa ń gba apá àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ Òyìnbó, "cost an arm and a leg". Lọ́wọ́ àwọn èèyàn ọkọ rẹ, ojú kan ló ń gbà: "costar un ojo de la cara". Tí Òyìnbó bá ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ló ń fà, "pull your leg". Àwọn tirẹ̀ á mú ọ nírun, "tomarte el pelo". Kó kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì kọ ibi tó ti gbọ́ ọ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Tampa:
Ṣé ó fẹ́ràn baseball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá yẹn? Ọmọ Kúbà tí kò mọ̀ ọ́n ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un, torí orí pápá yẹn ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti ń kó ọ̀rọ̀ wọn. "Touch base" ni kéèyàn kàn sí ẹnìkejì ní ṣókí. "Ballpark figure" ni iye tá a fojú díwọ̀n. "Step up to the plate" ni kó o gba iṣẹ́ sọ́rùn nígbà tó bá kàn ọ́. Ohun tẹ́nì kan ò retí ni "curveball", ẹni tó sì ti di igi mú rí, tí bọ́ọ̀lù yà mọ́ ọn lójú, kò nílò àlàyé kankan lórí ìyẹn. Kúbà pàápàá ní tiwọn: ẹni tí kò mọ èwo ni kóun ṣe, "está en tres y dos", ó wà ní mẹ́ta àti méjì. Ìjù mẹ́ta ti ṣì, igi ti tàsé lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kàn lè parí gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má jẹ́ kó máa tún gbogbo ohun tó bá gbọ́ sọ o. Kó kọ́kọ́ máa gbọ́ ná. "Kick the bucket" wà nínú ìwé wọ̀nyẹn, àwọn náà sì ní "estirar la pata". Àmọ́ ta ló máa dé ilé ọlọ́fọ̀, tó máa ní bàbá yín ti fò ṣánlẹ̀? Òjò ajá àti ológbò yẹn ńkọ́, "raining cats and dogs" tí wọ́n ń pe òjò ńlá? Bí mo ṣe pẹ́ ní Texas tó, inú ìwé nìkan ni mo ti ń rí i.

Ìyàwó Ará Kúbà:
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí 😂 Mo kà á sí i létí. Ó ní "put up with" àti "put off" ló ń dá òun lágara jù.

Tíṣà Àgbà:
Ó ti mọ̀ wọ́n, orúkọ míì ló fi mọ̀ wọ́n. "Tolerar" ni ti àkọ́kọ́, "posponer" ni ìkejì. "Tolerate" àti "postpone" tó ń le fún ọmọ ilé ìwé níbí, wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wọlé sí i lára. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń gbé e ṣubú.

Ìyàwó Ará Kúbà:
Ó ti gbé bírò. Ó ní kí n bi Ẹ̀gbọ́n Tampa, kí ni "rain check"?

Ẹ̀gbọ́n Tampa:
Baseball náà ni! Tí òjò bá lé wọn kúrò lórí pápá, wọ́n á fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ míì. Tí wọ́n bá pè é síbi oúnjẹ tí kò ráyè, kó ní òun máa "take a rain check".