Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Èdè Jámánì ní Abẹ́òkúta

Bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa ní Aké bá ti gbọ́ pé mo ń múra àtilọ kàwé ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ọ̀rọ̀ owó àti ti físà ni yóò kọ́kọ́ bi mí. N kò lè bá wọn jiyàn, nítorí owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti parí ìdánwò WAEC, èdè ni ó ń gba àkókò mi jù lọ. Òun ni mo fẹ́ sọ ìrírí mi lé lórí, pàápàá nítorí àwọn òbí tí wọ́n rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ wọn gbọ́ ti tó o lọ.

Ohun tí ó fa bàbá mi mọ́ra ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ yunifásítì ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, àfi àwọn kan bíi ti ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, tí wọ́n ti ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2017 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ará ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí kò tètè yé wa ni pé èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀, àti pé ìwé-ẹ̀rí WAEC nìkan kò lè gbé ọmọ wọ yunifásítì wọn tààrà. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ìgbaradì tí wọ́n ń pè ní Studienkolleg, níbi tí ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò bá tiwọn dọ́gba yóò ti kàwé fún sáà méjì, tí yóò sì ṣe ìdánwò àṣekágbá kí ó tó lè wọ yunifásítì. Kí wọ́n tó gba ènìyàn sí ibẹ̀ pàápàá, yóò ṣe ìdánwò àbáwọlé ní èdè Jámánì, bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ kọ́ bíi tèmi, yóò ṣe ti ìṣirò mọ́ ọn. Ẹ́jẹ́ǹtì kan sọ fún bàbá mi pé kí a má yọ ara wa lẹ́nu, pé bí mo bá ti dé ọ̀hún, èdè yóò wọ̀ mí lára fúnra rẹ̀. Màámi ni ó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èdè wo ni wọn yóò wá fi dán an wò kí ó tó wọlé?" Ọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀, a kò sì padà lọ bá a mọ́.

Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín ìmọ̀ èdè náà sí, láti A1 títí dé C2. B1 ni ó kéré jù tí ọ̀pọ̀ Studienkolleg lè gbà, púpọ̀ nínú wọn sì ń béèrè B2. Orí fóònù ni mo ti ń gba ẹ̀kọ́ lálaalẹ́, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí àti iye tí dátà ń gbé lọ, n kò ní í fi ìyẹn gùn yín lójú. Ìdánwò ni ó ń gbé mi dé Èkó, ní Goethe-Institut, ilé-ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà Jámánì. Ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀ láti ibùdókọ̀ Láderin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, dé Èbúté-Mẹ́ta. Ohun kan tí ó yẹ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́rin ni ìdánwò B1 pín sí, kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. Ènìyàn gbọ́dọ̀ gba 60 nínú 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá bọ́, ẹyọ náà nìkan ni yóò tún ṣe.

Nínú ẹ̀kọ́ náà gan-an ni mo ti rí ohun tí n kò retí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ wa fi ń ṣàlàyé, àwọn ibi tí Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń dí wa lọ́nà pọ̀. Lọ́jọ́ tí a dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń là sí méjì, orí gbogbo kíláàsì dàrú. Bí àpẹẹrẹ, anrufen ni kí a pe ènìyàn lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ sọ pé o ń pe ẹnì kan, Ich rufe dich an ni wàá wí. "An" ti já kúrò níwájú ọ̀rọ̀, ó ti lọ dúró ní ìparí, ẹni tí à ń pè sì bọ́ sáàárín. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là tí olùkọ́ Yorùbá fi yọ wá lẹ́nu ní ilé-ẹ̀kọ́ girama: bàjẹ́ di "ó ba aṣọ mi jẹ́", tànjẹ di "ó tan ọmọ náà jẹ". Ohun tí mo ti ń sọ láti kékeré ni wọ́n ń pè ní wàhálà!

Ti òǹkà tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ ni àwọn ará Jámánì ń pè ṣáájú ẹ̀wá, tí 42 fi di zweiundvierzig, méjì níwájú, ogójì lẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì rò ó a máa gbọ́ 42, wọn a sì kọ 24 sílẹ̀. Èmi gbọ́ méjìlélógójì, ó parí. Ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà mi ní Ìtòkú ni mo ti fi kọ́ra, nítorí pé òun kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ka owó àdìrẹ. Bí ó bá ti pe iye kan fún oníbàárà, èmi a sọ ọ́ ní Jámánì lábẹ́nu. Àmọ́ bí a bá ti kọjá mẹ́rin, ọ̀nà yà: màrúndínláàádọ́ta ni tiwa, a ti ń yọ kúrò nínú àádọ́ta, nígbà tí tiwọn ṣì ń fi márùn-ún kún ogójì.

Ẹni tí ó ń sọ "o" àti "ẹ" kò nílò àlàyé gígùn lórí du àti Sie. Síbẹ̀ wọn kò rí bákan náà, mo sì rò pé ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ èyí kí ó tó dé ọ̀hún. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà lè pe ọmọdé ní "o" láìsí wàhálà, ọmọdé ni yóò máa dá "ẹ" padà. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí o bá ti dàgbà díẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò máa pè ọ́ ní Sie, ìwọ náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ wa, tí ó lè bí mi lọ́mọ, kọ́kọ́ pè mí ní Sie, ó ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó dá a dúró.

Ibi tí Yorùbá kò ti lè gbà mí ni ti akọ àti abo. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ wọn ni ó ní ẹ̀yà tirẹ̀, akọ, abo tàbí èyí tí kò sí nínú méjèèjì, kò sì sí ìlànà tí ó gbé gbogbo rẹ̀ dé ilẹ̀. Mo sọ fún ìyá àgbà pé odò Rhein jẹ́ ọkùnrin, pé Elbe jẹ́ obìnrin. Wọ́n ní ti Elbe yé àwọn, nítorí Yemọja ni ó ni odò Ògùn, ṣùgbọ́n kí n lọ béèrè ohun tí Rhein ṣe tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọkùnrin. N kò tíì rí ẹni tí yóò dáhùn. Pípè náà kò rọrùn, torí kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin a máa tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀ bíi Herbst, ahọ́n Ẹ̀gbá a sì fẹ́ ki fáwẹ̀lì sí i. Ti ö tilẹ̀ sàn: pe "ẹ", kí o sì ká ètè bí ẹni tí ń pe "ọ", ó ti jáde bí ó ṣe wà nínú können. Orí ni wọ́n ń fi àmì tiwọn sí, abẹ́ ni tiwa wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ará Jámánì kan, Karl Richard Lepsius, wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS fọ̀rọ̀ lọ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí wọ́n ń wá bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀.

Ti owó, àwọn òbí mi ni ó ń gbé e. Kí ilé-iṣẹ́ aṣojú Jámánì tó fún ni ní físà, wọ́n ń fẹ́ rí 11,904 yúrò nínú àkáǹtì kan tí a ti dè, tí ọmọ yóò máa rí 992 gbà nínú rẹ̀ lóṣooṣù bí ó bá ti débẹ̀. Iye yìí ti yí padà rí, nítorí náà kí ẹni tí ń múra sílẹ̀ máa wo ìkànnì wọn.

Mo ti gba B1, B2 ni mo ń kọ́ lọ́wọ́, mo sì tún ń kọ́ ìṣirò tí mo ti mọ̀ lákọ̀tun. Kọ́mà ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ń fi àmì ìdánudúró sí, tí 3.14 wa fi di 3,14, tí 1.500 wọn sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àpẹẹrẹ ìbéèrè ìdánwò àbáwọlé wà lórí ìkànnì àwọn Studienkolleg kan, ọ̀fẹ́ ni, òun ni mo sì ń ṣe báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ṣe ti ìṣirò rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ bí àkókò tí wọ́n fún yín ṣe tó sí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí.