Ìparí ọ̀rọ̀ òkúta físíìsì yẹn
Ẹ̀yin tèmi, òkúta tí wọ́n jù sókè ní 20 m/s nínú ìdánwò, táa jiyàn lé lórí láti Pánṣẹ́kẹ́ títí dé Kútọ̀ tí kọndọ́ fi ní ká sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò òun, tíṣà ti yanjú ẹ̀ o: sẹ́kọ́ńdì 4 ló fi lọ sókè tó fi padà sọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ 2, ìgbà tó dé òkè pátápátá lẹ ṣírò, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó padà sọ́wọ́ ni wọ́n bi wá, ẹ ò kà á délẹ̀ jàre. Àwọn tó lo 9.8 fún g (bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń yí eré òkúta padà ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan) rí 4.08, wọ́n kúkú ti kọ 10 sínú pépà, kí lẹ wá ń da kálíkúlétọ̀ láàmú sí? Mítà 20 tó gà ṣá, kò síjà níbẹ̀. Ó parí, kẹ́mísìrì ló kàn 😂