Bí A Ṣe Ń Fi Orúkọ Ẹni Tó Gba Ẹ̀mí Là Sílẹ̀ fún Àmì-Ẹ̀yẹ Ìgboyà ní Kánádà

Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ ẹnìkan sílẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà ti orílẹ̀-èdè Kánádà, kàlẹ́ńdà ni kó kọ́kọ́ wò. Ọdún méjì péré ló wà láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, tàbí tí ìjọba bá ní láti wádìí ikú tó bá a rìn, ìgbà tí ìwádìí bá parí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún méjì náà. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Aládùúgbò á ní ó yẹ kí ìjọba gbọ́, ẹbí á rò pé ọlọ́pàá ti kọ̀wé, ọlọ́pàá á rò pé ẹbí ti kọ ọ́, ọjọ́ á sì máa lọ. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Gómìnà Àgbà, aṣojú ọba ní Kánádà, ní Rideau Hall, ní Ottawa, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nínú lẹ́tà. Ẹni tí a ń kọ orúkọ rẹ̀ kò ní láti jẹ́ ọmọ Kánádà. Kódà, ohun náà lè ṣẹlẹ̀ lókè òkun, bó bá ṣáà ti kan ire Kánádà.

Ìpele mẹ́ta ló wà láti ọdún 1972. Èyí tó ga jù ni Cross of Valour, àgbélébùú wúrà tí wọ́n fi pupa kùn, ọrùn ni wọ́n sì ń fi í kọ́. Star of Courage tẹ̀ lé e, ìràwọ̀ fàdákà ẹlẹ́nu mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ni Medal of Bravery, fàdákà róbótó tó ní ewé maple níwájú, tí wọ́n kọ BRAVERY àti BRAVOURE sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí èdè méjì ni ìjọba ibẹ̀ ń lò. Ẹni tó gbà á lè kọ CV, SC tàbí MB sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu lórí èyí tí ẹ máa béèrè fún, ìgbìmọ̀ ló ń pinnu ìpele. Bí ewu náà ṣe tó ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: fún MB, ibi tó léwu, fún SC, ewu ńlá, fún CV, ewu tó dé góńgó.

Nítorí náà, ewu ni kí ìwé yín sọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń kún fún ìyìn: "ènìyàn rere ni, ó fẹ́ràn ọmọdé, kì í bẹ̀rù." Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ fi wọ̀n níbẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí. Àkọ́kọ́: "Ó bẹ́ sínú odò, ó sì yọ ọmọ náà." Ìkejì: "Yìnyín ti bo odò náà, ó sì ti fọ́ lábẹ́ ọmọ náà ní nǹkan bí ogún mítà sí etí omi. Kò sí okùn, kò sí ẹ̀wù ìléfòó. Ó fi àyà fà lórí yìnyín, yìnyín já lábẹ́ òun náà, ó sì wà nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ." Ìkejì ni ẹni tó jókòó ní Ottawa lè fojú rí.

Ẹ má fojú kékeré wo ìṣẹ́jú tí mo kọ síbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní ààbò omi ní Kánádà ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní 1-10-1. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ nínú omi tútù, èémí á máa já lọ́nà tí ènìyàn kò lè ṣàkóso. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Ó tó nǹkan bí wákàtí kan kí òtútù tó mú ènìyàn dákú. Ẹni tó lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti ń sún mọ́ ibi tí ọwọ́ kò ti ní lè di nǹkan mú mọ́. Bí ẹ kò bá kọ ìṣẹ́jú, ta ló máa mọ̀? Bó bá jẹ́ iná, ẹ kọ ẹ̀ẹ̀melòó ló wọlé, yàrá wo ni iná wà, ibo ni èéfín sọ̀kalẹ̀ dé, kí ló fi bo imú, kí ló sì jó lára rẹ̀. Wíwọlé lẹ́ẹ̀kejì ṣe pàtàkì gan-an, nítorí nígbà yẹn ó ti mọ ohun tó wà nínú ilé.

Ewu kì í ṣe iná àti omi nìkan. Ní oṣù November 1971, ọkùnrin kan tó gbé ìbọn lọ́wọ́ já ọkọ̀ òfuurufú Air Canada gbà. Mary Dohey, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà, ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà yìnbọn. Nígbà tí wọ́n sọ àwọn èrò kalẹ̀ ní Great Falls, ní Amẹ́ríkà, ààyè wà fún òun náà láti bọ́ sílẹ̀, ó sì kọ̀, ó dúró. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba Cross of Valour láàyè. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀, Vaino Partanen àti Lewis Stringer, kú nínú ọkọ̀ ojú omi ológun Kootenay ní ọjọ́ 23 oṣù October 1969, nígbà tí ẹ̀rọ jíà bú gbàmù. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti de bíárì kan, irin tó ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń yí, sódì, ó sì gbóná kọjá ààlà. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án ló kú níbẹ̀. Ikú kì í dí àmì-ẹ̀yẹ yìí lọ́wọ́. Bákan náà, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà là kò bá yè, ẹ ṣì kọ ọ́.

Bó bá jẹ́ ẹni mẹ́ta ló jọ ṣe é, ẹ kọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ìpele wọn lè yàtọ̀. Ẹ fi déètì sí i, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ẹlẹ́rìí, nọ́ńbà ìwé tí ọlọ́pàá kọ, àti ìròyìn tó jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ogún mítà á ti di àádọ́ta lẹ́nu wọn, àwọn tó ń wádìí á sì fi wé ohun tí ọlọ́pàá kọ. Àsọdùn kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n máa ṣiyèméjì sí gbogbo ìyókù.

Ìwádìí náà lè ju ọdún kan lọ. Ẹ má ṣèlérí fún ẹni náà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí Carnegie Hero Fund ní Pittsburgh, tó ń dá àwọn ará ìlú lọ́lá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láti 1904. Tiwọn náà, ọdún méjì ni.

Nígbà tí àmì-ẹ̀yẹ Kánádà bá sì dé, àyà òsì ni wọ́n ń lẹ MB mọ́. Ẹni tó gbà á nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ tàbí opó ló gbà á lórúkọ olóògbé, inú férémù ni kó gbé e sí, kó sì kọ orúkọ olóògbé àti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.