Ẹ̀gbọ́n mi ní schizophrenia (àìsàn ọpọlọ kan), ṣé kí n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ojú?

Abẹ̀kẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń wo bí ojú èèyàn ṣe ń rìn kí wọ́n fi mọ̀ bóyá schizophrenia wà nínú ìdílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní in, bàbá kan ìyá kan ni wá, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an, tí mi ò bá ti rántí ibi tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ sí àyà mi á ti já. Ṣé kí n lọ ṣe é?

Màmá Nọ́ọ̀sì:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn, ta ni kì í gbàgbé. Àmọ́ nǹkan gidi ni tẹ́ẹ̀sì yẹn o. Wọ́n á ní kó o gbé àgbọ̀n lé nǹkan kí orí ẹ má mì, àmì kékeré kan á wá máa lọ á máa bọ̀ jẹ́jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ìwọ á máa fojú tẹ̀ lé e. Ojú ẹlòmíì á bá a lọ geere, ti ẹlòmíì á kù sẹ́yìn, á wá fò kó tó lè bá a. Láti 1908 ni àwọn olùṣèwádìí méjì, Diefendorf àti Dodge, ti rí i lára àwọn aláìsàn, oògùn àìsàn yìí ò sì tíì sí rárá nígbà yẹn, torí náà a ò lè sọ pé oògùn ló ń fà á. Nígbà tó di 1974, olùṣèwádìí míì, Philip Holzman, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé nǹkan bíi 45 nínú 100 àwọn òbí àtàwọn ọmọ ìyá aláìsàn ló ní irú ojú bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ò sì ní àìsàn náà.

Délé_T:
Ibi tí Màmá parí sí yẹn gan-an ló yẹ kó fi ẹ́ lọ́kàn balẹ̀. Tí ojú wọn bá ń fò tí wọn ò sì ṣàìsàn, kí ni tẹ́ẹ̀sì náà fẹ́ sọ fún ìwọ nìkan? Àwọn olùṣèwádìí tó ń wá jíìnì àìsàn náà, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ló wúlò fún. Àìsùn, ọtí, oògùn tó ń kunni lóorun, gbogbo ẹ̀ ló lè mú kí ojú máa fò, àwọn tó ní bipolar, àìsàn ọpọlọ míì, náà máa ń ní in. Nínú 100 èèyàn, bí 1 ni schizophrenia máa ń mú, tó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá ẹni ní in á tó bíi 9. Àwọn 91 yòókù ńkọ́?

Abẹ̀kẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ọkàn mi ti ń balẹ̀ díẹ̀. Kí wá ni kí n máa ṣọ́?

Màmá Nọ́ọ̀sì:
Igbó, má fẹnu kàn án rárá, ó máa ń dá kún ewu ẹ̀. Tó o bá ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, tàbí ó ń ṣe ẹ́ bíi pé gbogbo èèyàn ló ń ṣọ́ ẹ, má dákẹ́ o, tètè lọ rí dókítà ọpọlọ, kó o sì sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ẹ ní in.