Ọkọ mi ti kó jáde, bánkì fẹ́ gba ilé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abẹ̀ní:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Orí mi ti gbóná, n ò rí oorun sùn.

Ọkọ mi kó jáde nílé ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. A ò jà lọ́jọ́ náà o. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, mo rí i pé ó ti kó aṣọ rẹ̀ lọ, ó gbé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ó tiẹ̀ tú irin tí wọ́n fi so ó mọ́ ògiri, ihò mẹ́rin ló dá sí mi lára ògiri. Ìkòkò ìyá mi tí mo gbé wá láti Ìbàdàn, ó gbé e lọ. Kí ni ọkùnrin fẹ́ fi ìkòkò ṣe? Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní Birmingham lòun wà, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i ti sọ ohun tí wọ́n rí fún mi. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pè mí láti Nàìjíríà pé èmi ni mo lé ọmọ òun. Èmi tí mo ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lọ́sibítù nígbà tó wá kí wa kú ewu ọmọ, tí ẹsẹ̀ ìyá náà wú! Inú ń bí mi.

Láti ìgbà tá a ti ra ilé yìí, òun ló ń san mọ́gèèjì, owó tá a yá lọ́wọ́ bánkì láti fi ra ilé, èmi ń ra oúnjẹ, mo ń san iná àti gáàsì, mo ń bójú tó àwọn ọmọ. Kápẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé, èmi ni mo rà á. Sítóòfù, èmi ni. Ní báyìí, àwọn bánkì ń pe fóònù ilé, wọ́n ń béèrè rẹ̀. Tí mo bá ní kò sí nílé, wọ́n á ní àwọn ò lè bá mi sọ nǹkan kan. Ní Sátidé, obìnrin kan kanlẹ̀kùn, ó ní bánkì ló rán òun, kóun wá wo ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Ọmọ mi kékeré wà lẹ́yìn mi tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣé wọ́n lè lé èmi àti ọmọ méjì síta ni? Kí ni kí n ṣe fún ọkùnrin yìí?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìkòkò ìyá ẹni! Wọ́n mà burú o. Ìgbà tí tèmi ń lọ, àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ló yọ lára ògiri, àwọn ọmọ ò lè ṣe iṣẹ́ ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Má fi sílẹ̀ fún un. Pe Child Maintenance lónìí, kí wọ́n máa yọ owó ọmọ nínú owó oṣù rẹ̀. Pe kánsù náà, sọ fún wọn pé ìwọ nìkan ni àgbàlagbà tó kù nílé, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú council tax rẹ, owó orí ilé tí kánsù ń gbà.

Bàbá Kẹ́hìndé:
Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa rọra. Oṣù mẹ́rin péré, ẹ ti ń tọ́ka ìjọba sí ọkọ ẹni. Ta ló ṣe alárinà yín? Ẹ pe àwọn àgbà, kí wọ́n pe ọkùnrin náà jókòó.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, ẹ̀yin àgbà lẹ máa san mọ́gèèjì náà?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Arábìnrin Abẹ̀ní, ẹ kú ìfaradà. Mo máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn onígbèsè nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ n béèrè nǹkan díẹ̀. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé àti mọ́gèèjì? Èló ni oṣooṣù, èló ló ti wà nílẹ̀? Ṣé ìwé kankan ti wá láti kóòtù? England lẹ wà àbí Scotland? Òfin ibẹ̀ yàtọ̀.

Abẹ̀ní:
Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Ìbejì, ẹ yé mi. Bàbá Kẹ́hìndé, alárinà wa ti kú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ì bá ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bá Manchester ni mo wà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀lẹ ni mí o, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, alẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọkùnrin yìí kò lè sọ pé òun bọ́ mi rí.

Adìgún:
Madam, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti June 2023 ni ìjọba àti àwọn bánkì ti jọ fọwọ́ sí i pé wọn ò ní gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ọdún kan tó pé. Oṣù mẹ́rin lẹ sọ. Ẹ ṣì ní oṣù mẹ́jọ. Ẹ sinmi.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Adìgún, ẹ má ní kí ẹni tí iná ń jó máa sùn. Kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ kó jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún náà, oṣù àkọ́kọ́ tí wọn ò rí owó gbà ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ayánilówó ló fọwọ́ sí i. A ò tíì mọ ìgbà tí ọkọ wọn ti dáwọ́ dúró.

Adìgún:
Ohun tí mo kà ni mo sọ. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ máa bá a lọ.

Àǹtí Mọ́jí:
Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi pín, ó rẹ̀ mí, mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpòòwé, mo fi ránṣẹ́ sí bánkì. Mo rò pé ó tán. Èlé ń gorí owó náà títí wọ́n fi rí ẹni ra ilé, iye tí wọ́n tà á ò tó gbèsè, wọ́n wá ń lé mi kiri fún èyí tó kù. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà níbẹ̀, wọn ò rí ọkùnrin, èmi ni wọ́n rí. Odindi gbèsè ni wọ́n lè bi ẹnì kan ṣoṣo nínú yín, ìdajì kọ́. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ o.

Tóyọ̀sí:
Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, arábìnrin yìí ò dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. A mọ ẹni tó ra sítóòfù, a ò mọ ẹni tó ni ilé.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Ohun tí mo ń retí náà nìyẹn. Orúkọ ta ni?

Abẹ̀ní:
Orúkọ rẹ̀ nìkan ni. Ìgbà tá a ń ra ilé, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, ẹni tó ń bá wa ṣe mọ́gèèjì ní kó dá wà níbẹ̀ kó lè yá. Mo ti gba ìwé tèmi báyìí, mo lè gbé ìlú yìí títí. Ẹ má bú mi. Ẹni tó bá wà nípò mi nígbà yẹn á ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Nípa ìwé, lẹ́tà ń wá dáadáa, orúkọ rẹ̀ ló wà lára wọn, mo ń kó wọn sínú àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó lè wá kó wọn. Wọn ò kọ́ mi nílé wa pé kí n máa ṣí lẹ́tà onílẹ́tà.

Tóyọ̀sí:
Háà! Ọkùnrin tó gbé ìkòkò ìyá yín lẹ̀ ń bá tọ́jú lẹ́tà? Nítorí irú èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn àbúrò mi obìnrin pé kí wọ́n lọ san póùn díẹ̀ fún Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ orúkọ onílé sílẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí orúkọ tó wà lórí ilé tí wọ́n ń fọ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé:
Ìyẹn ni pé ilé ọkùnrin ni. Kí lẹ wá ń jà sí?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀ lófin ìlú yìí, màá ṣàlàyé. Arábìnrin, ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀ kíákíá. Ṣé ẹ ṣe ìgbéyàwó kóòtù, àbí ẹ kàn jọ ń gbé? Ẹ tún wo àárín àwọn lẹ́tà yẹn, bóyá ẹ máa rí èyí tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, tí wọ́n kàn kọ ọ́ sí ẹni tó ń gbé ilé, "The Tenant or the Occupier". Bí irú rẹ̀ bá wà, tiyín ni, òfin ló ní kí bánkì fi ránṣẹ́. Ẹ ṣí i.

Abẹ̀ní:
Ìkòyí la ti ṣe kóòtù, ní 2011. Sátífíkéètì wà lọ́wọ́ mi, kò rí ìyẹn gbé. Ẹ jẹ́ n lọ wò ó.

Abẹ̀ní:
Ẹ̀gbọ́n, ó wà níbẹ̀. Àárín ìwé ìpolówó písà ni mo kó o sí, mo rò pé ìpolówó lòun náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kóòtù máa jókòó lórí ilé yìí ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀.

Mo ti ya gbogbo àpòòwé yòókù. £810 ni oṣooṣù. £9,720 ló ti wà nílẹ̀. Owó oṣù méjìlá nìyẹn, ó ti tó ọdún kan tó ti dáwọ́ dúró! Ìgbà yẹn a ṣì jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ó ń bi mí pé kí ló dé tí ẹran ọbẹ̀ kéré.

Ìyá Ìbejì:
Yéè! Olúwa ò.

Adìgún:
Ọdún kan ti pé nìyẹn. Mo gba ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Kúnlé.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Àsìkò ṣì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tá a lè fi ṣeré. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nítorí pé aya rẹ̀ lẹ jẹ́ lábẹ́ òfin, Family Law Act 1996 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ilé náà, bí orúkọ yín ò tiẹ̀ sí lórí ìwé. (Ká ní ẹ kàn jọ ń gbé ni, ọ̀nà yìí ì bá má ṣí fún yín bẹ́ẹ̀.) Òfin kan náà ló ní tí ẹ bá san mọ́gèèjì, kí bánkì gbà á bí ẹni pé ọkọ yín ló san án. Wọ́n lè ní àwọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ àkáǹtì rẹ̀ fún yín, wọn ò lè ní àwọn ò gba owó. Nọ́ńbà àkáǹtì wà lórí lẹ́tà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Tí ẹ bá rí £810 oṣù yìí san kí Jímọ̀ tó dé, ẹ san án, kí ẹ tẹ rìsíìtì rẹ̀ jáde.

Fọ́ọ̀mù HR1 ti Land Registry, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kọ ọ́ lónìí. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ̀tọ́ yín hàn lórí ìwé ilé, kí ọkọ yín má lọ tà á lẹ́yìn yín. Tí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ kí lọ́yà tó bá yín wo ọ̀rọ̀ ilé, torí ìkọ̀sílẹ̀ ló máa ń fòpin sí ẹ̀tọ́ yẹn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ lọ sí kóòtù náà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi yín kún ẹjọ́. Adájọ́ lágbára láti dá ọwọ́ bánkì dúró tó bá rí i pé a lè san gbèsè tán láàárín àsìkò tó mọ́gbọ́n wá. Láti ìgbà ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Norgan, àsìkò yẹn lè jẹ́ gbogbo ọdún tó kù lórí mọ́gèèjì. Ọdún mélòó ló kù?

Abẹ̀ní:
Wọ́n kọ ọdún 18 síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Oṣù 216 nìyẹn. Ẹ pín £9,720 sí i, £45 lóṣù ni. £855 lẹ máa gbé síwájú adájọ́, £810 fún owó oṣù kọ̀ọ̀kan, £45 fún gbèsè tó ti wà nílẹ̀. Bánkì lè ní kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sínú ìwé, kí ó jẹ́ òótọ́. Ṣé ẹ lè san án?

Bàbá Kẹ́hìndé:
Kó máa san gbèsè ilé tí kì í ṣe tirẹ̀? Bí ọkùnrin bá padà ńkọ́?

Àǹtí Mọ́jí:
Bó bá padà, á bá ilé. Tí wọn ò bá san án, á bá kọ́kọ́rọ́ tuntun lẹ́nu ọ̀nà.

Abẹ̀ní:
Tí mo bá dín owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé kù, mo lè san £855. Ó máa fún mi lọ́rùn ṣá. Mo tún ní àjọ kan tó máa kàn mí ní oṣù tó ń bọ̀, £2,000, ṣùgbọ́n mọ́tò ni mo dá a fún. Bọ́ọ̀sì alẹ́ ń wàhálà mi.

Tóyọ̀sí:
Mọ́tò! Ẹ bá onájọ sọ̀rọ̀, kó fún yín lóṣù yìí.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Ẹ mú ìwé àjọ náà dání lọ, owó tó wà nílẹ̀ ni, adájọ́ máa ń fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ tún pe Housing Loss Prevention Advice Service láàárọ̀ ọ̀la. Láti August 2023 ni wọ́n ti ń fún ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ní lọ́yà ọ̀fẹ́, kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé àti ní kóòtù gan-an, wọn kì í béèrè iye tó ń wọlé fún yín. Ọ̀rọ̀ Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó, kí àwọn náà bá yín wò ó. Tó bá tọ́ sí yín, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìjọba lè máa yá yín nínú èlé mọ́gèèjì. Ẹ̀yáwó ni o, ẹ̀bùn kọ́.

Abẹ̀ní:
Mo ti pè wọ́n. Lọ́yà máa rí mi lọ́jọ́ Ajé. Mo ti kọ HR1, mo ti bá onájọ sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó kàn lóṣù yìí gbà láti fún mi ní tirẹ̀, ìdajì ni mo máa san sí mọ́gèèjì kí Jímọ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti ìkòkò, ṣé adájọ́ kan náà ni mo lè bi?

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé:
Rárá o. Ẹ má dárúkọ ìkòkò níbẹ̀ rárá. Ti lọ́yà ìkọ̀sílẹ̀ nìyẹn.

Abẹ̀ní:
Ó dáa. Ohun tó kù ni pé Jímọ̀ náà, ilé ìwé àwọn ọmọ máa ń tì ní ọ̀sán gangan, n ò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa dá wa sílẹ̀ ní kóòtù. N ò ní ẹni tó lè mú wọn.

Ìyá Ìbejì:
Stockport ni mo wà. Fi orúkọ ilé ìwé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí o sì pè wọ́n lónìí pé èmi ni mo ń bọ̀, torí wọn ò ní fún mi lọ́mọ bí wọn ò bá mọ̀ mí.

Abẹ̀ní:
Mo ti fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí àbúrò nínú wọn ò fẹ́ràn ẹ̀wà o.